Sọ́dọ́ọ̀sì, Èèpo Ìrẹsì àbí Iyanrìn: Èwo Lẹ Máa Tẹ́ Sílé Ẹṣin Yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sin ẹṣin ní Ìkòròdú níbí, yálà òde ìnáwó lẹ fẹ́ máa gbé e lọ àbí ẹ kàn fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo owó àpò kan ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́ sílé ẹ̀ nìkan, ẹ wo iye ọjọ́ tó máa lò kẹ́ ẹ tó kó o dànù. Ẹṣin kan lè tọ̀ tó lítà 5 sí 10 lójúmọ́, tí ìtọ̀ yẹn bá dúró síbẹ̀ á máa rùn débi pé á máa ta yín lójú, òórùn yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin jẹ́, ilẹ̀ tútù náà sì ń jẹ́ kí abẹ́ pátákò ẹ̀ jẹrà.

Iyanrìn ni mo kọ́kọ́ lò. Lóòótọ́ tírípù kan máa ń pẹ́ gan-an, omi sì ń gba inú ẹ̀ lọ, àmọ́ ilẹ̀ náà ni mo ń da koríko sí fún ẹṣin mi, ó ń jẹ ẹ́ tiyanrìn-tiyanrìn, nígbà tó yá inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó ń yí nílẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn wo ikùn ara ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an ni. Owó tí mo san fún dókítà ẹran lóru ọjọ́ yẹn ju owó sọ́dọ́ọ̀sì oṣù mélòó kan lọ. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ti etí òkun yín tún le jù, torí iyọ̀ inú ẹ̀ lè jẹ́ kí ẹṣin máa lá a.

Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìrẹsì ńlá Ìmọ̀tà ní 2023 làwọn èèyàn ti ń bi mí nípa èèpo ìrẹsì. Ó pọ̀ o, nínú 100 kílò ìrẹsì tí wọn ò tíì bó, èèpo ẹ̀ máa ń tó bíi 20 kílò, ó sì fúyẹ́ láti kó. Ṣùgbọ́n kì í fa omi dáadáa, ó ń yọ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e kiri.

Koríko gbígbẹ, ẹṣin á jẹ ẹ́ tán mọ́ yín lọ́wọ́, tójò bá sì dé á bu.

Èmi, sọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó ń já bọ́ lára pákó, ni mo fara mọ́, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ o, torí eruku yẹn ń mú ẹṣin húkọ́. Èyí tí ẹ̀rọ pléènì fá, tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ló dáa, ó ń fa ìtọ̀, ó sì rọrùn láti ṣa ìgbẹ́ kúrò lórí ẹ̀. Ó wọ́n díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ́ ẹ sí àárín ibi tó ti ń tọ̀, kó ga tó íńṣì 4 sí 6, tí màá wá da èèpo ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àràárọ̀ ni mò ń kó ibi tó tutù nìkan.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-pákó, ẹ bi wọ́n bóyá igi kan tí wọ́n ń pè ní mansóníà wà níbẹ̀, torí eruku ẹ̀ ń yún ara, ó ń dààmú imú. Kẹ́ ẹ wá ki ọwọ́ bọ àárín àpò, kì í ṣe orí ẹ̀ o: tó bá tutù àbí ó gbóná, tàbí tó ń rùn bí oògùn ikán, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.