Àgbéyẹ̀wò: ọjọ́ méje all-inclusive ní Benidorm pẹ̀lú àwọn ọmọ

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Látìgbà tẹ́ ẹ ti rí fọ́tò wa lẹ ti ń bi mí pé ṣé ó dára, ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe rí gan-an.

Lóṣù Kẹjọ, èmi, bàbá àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí Benidorm ní Sípéènì. Package la rà: bàlúù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Alicante, bọ́ọ̀sì dé òtẹ́ẹ̀lì, yàrá kan fún alẹ́ méje, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àti ohun mímu láti àárọ̀ títí di òru. £3,180 ni gbogbo rẹ̀, oṣù mẹ́jọ la sì fi san án díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí mo fi fara mọ́ package ni ATOL, ètò tó ń dáàbò bo owó ẹni tó bá ra irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì. Nígbà tí Thomas Cook, iléeṣẹ́ tó ń ta irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, kógbá sílé lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nǹkan bí 150,000 èèyàn tó wà lókè òkun ni wọ́n fi bàlúù kó padà wálé. Mi ò lè fi owó tí mo fi iṣẹ́ alẹ́ pa ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà bíi tèmi, ẹ tètè gbọ́ o: ìwé ìgbélùú Bìrìtéènì kì í ṣe físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Sípéènì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. 90 yúrò ni físà àgbàlagbà, owó àwọn tó ń gba ìwé lọ́wọ́ yín tún wà lọ́tọ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú iye tí wọ́n pè fún yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wá ọjọ́ tí màá lọ tẹ̀ka.

Láti pápákọ̀ òfuurufú dé Benidorm ò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ, àmọ́ bọ́ọ̀sì wa yà ní òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà kó tó kan tiwa. Wákàtí méjì àtààbọ̀! Àbúrò nínú àwọn ọmọ wa ti sùn lọ fọnfọn lórí itan mi. Ìràwọ̀ kan nìyẹn tó ti bọ́.

Yàrá wa ní tirẹ̀ mọ́ tónítóní, àjà kọkànlélógún ló sì wà. Tẹ́ ẹ bá dúró sí ojú fèrèsé, ẹ ó rí etíkun Levante tó tẹ́ lọ rẹrẹ, pẹ̀lú erékùṣù kékeré tó dá dúró láàárín òkun. Abúlé apẹja ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹja túnà ni iṣẹ́ wọn. Lásìkò Pedro Zaragoza, tó di olórí ìlú náà lọ́dún 1950, ni wọ́n ya àwòrán ìlú tuntun lọ́dún 1956, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Gran Hotel Bali nìkan ga tó mítà 186. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe àwọn ilé gogoro yìí ní ìríra, èmi ò sí lára wọn. Bí wọ́n ṣe to èèyàn sókè ni kò jẹ́ kí ilé gba gbogbo òkè. Òkè Serra Gelada ṣì wà nítòsí ìlú, wọ́n sì ti fi òfin dáàbò bò ó láti ọdún 2005.

Omi ló bà mí lẹ́rù jù. A san owó lọ́tọ̀ láti lọ wo Guadalest, níbi tí ìsédò tó ń fún Benidorm lómi wà. Omi náà ti fà. Ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ hàn lára àpáta, ó funfun bí ẹfun. Lọ́dún 1978, ọ̀dá dá débi pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé omi wá fún ìlú. Lónìí, àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ń yọ̀ǹda omi tó mọ́ fún ìlú, ìlú á sì fi omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ ránṣẹ́ sí oko wọn. Omi tá a fi ń wẹ̀ látọ̀sán dalẹ́, ó ṣeé ṣe kí apá kan rẹ̀ ti ọwọ́ àgbẹ̀ wá. Nígbà tá a padà dé yàrá, mo sọ fún ọmọbìnrin mi tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Mo wá kan ohun tó gba ìràwọ̀ kejì: rọ́bà aláwọ̀ ewé tí òtẹ́ẹ̀lì so mọ́ wa lọ́wọ́, àmì pé a ti sanwó oúnjẹ àti ohun mímu. Nítorí pé ẹ ti sanwó oúnjẹ, ẹ ò ní fẹ́ lọ jẹun níta. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la ò kúrò nínú òtẹ́ẹ̀lì àyàfi ká lọ sétí òkun. Agogo mẹ́fà àárọ̀ làwọn kan ti ń fi aṣọ ìnura gba àga sílẹ̀ de ara wọn. Nílé oúnjẹ, mo rí abọ́ tí wọ́n bù kún dẹ́múdẹ́mú tí wọn ò fọwọ́ kàn, tí wọ́n dà nù sínú ike ìdọ̀tí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ò jẹ́ kí n lè wò ó.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bá obìnrin tó ń tún yàrá wa ṣe pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Yorùbá kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó kọjá láìkí i, mo bá kí i, a sì ń fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ara wa. Ọmọ Kòlóńbíà ni. Yàrá 22 ló gbọ́dọ̀ parí lójúmọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ hàn mí, báńdéèjì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ibi tí rọ́bà wà lọ́wọ́ tèmi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé àwọn àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìtọ́jú. Mo mọ irú ìrora yẹn. Ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ wà ní Sípéènì tó ń jà fáwọn obìnrin wọ̀nyí, Las Kellys ni wọ́n ń pè é.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ní ká lọ jẹun nínú ìgboro àtijọ́. Ilé oúnjẹ kékeré kan, tọkọtaya ló ni ín, tábìlì mẹ́sàn-án, kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ìyàwó náà rí rọ́bà lọ́wọ́ ọmọkùnrin mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó nawọ́ sápá ẹ̀yìn: ilé ìtọ̀ ló rò pé a wá tọrọ. Ojú tì mí gan-an. A jókòó. Arroz a banda ló sè fún wa, ìrẹsì tí wọ́n fi omi ẹja sè nínú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, ó fún ọmọ mi ní ṣíbí irin pé kó ha ìsàlẹ̀. Ọmọ náà pariwo: “Mọ́mì, ìrẹsì ìsàlẹ̀ ìkòkò!” Bẹ́ẹ̀ ló rí, ó jóná díẹ̀, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu, bíi ti òde àríyá wa. 64 yúrò la san.

Lọ́dún 2024, nígbà táwọn èèyàn ń fẹ̀hónú hàn ní Palma àti Barcelona nítorí bí àlejò ṣe pọ̀ jù, àwọn kan ní Barcelona fi ìbọn omi fọ́n àlejò lára, inú bí mi nígbà yẹn. Ní báyìí, mo rí ohun tó ń dùn wọ́n.

Tó bá jẹ́ ìsinmi nìkan lẹ ń wá, tó ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu, ẹ rà á. Àmọ́ ẹ ra yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan. Tí iléèwé ọmọ bá gbà yín láyè, ẹ lọ lóṣù Karùn-ún. Tram L1, ọkọ̀ ojú irin kékeré, wà láti inú ìlú Alicante dé Benidorm, tí ẹ ò bá fẹ́ yípo òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà. Nọ́ńbà ilé oúnjẹ yẹn ti wà lórí fóònù mi, ọmọkùnrin mi sì ti ní kí n bèèrè bóyá òun nìkan ni wọ́n máa jẹ́ kó ha páànù.