Ìkìlọ̀: Uzi 6,000 dọ́là tí wọ́n ń polówó fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, Georgia àti àwọn ìpínlẹ̀ míì tí òfin ti gba aráàlú láyè láti ní ìbọn arọ̀jò-ọta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń kàn sí àwọn tó fẹ́ ra submachine gun (ìbọn arọ̀jò-ọta kékeré) àkọ́kọ́ wọn láti fi kún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń kó jọ. Ó ní Uzi kan wà lọ́wọ́ òun, bàbá òun tó ti di olóògbé ló fi í sílẹ̀, 6,000 dọ́là ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ san ìdajì ló ni ín. Gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ti sanwó fún un, títí di òní kò rí ìbọn, kò rí owó.

Láísẹ́ǹsì ló jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́. Ọkùnrin náà fi ẹ̀dà láísẹ́ǹsì ìtajà ìbọn ránṣẹ́, wọ́n yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, ojúlówó ni. Àmọ́ ti ṣọ́ọ̀bù kan ní ìpínlẹ̀ míì ni, ó jí ẹ̀dà rẹ̀ lò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló wá nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀, tó pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò ní Uzi kankan lọ́jà, pé àwọn mìíràn ti pe àwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Owó ti gba orí Zelle lọ nígbà yẹn.

Iye tó pè é gan-an ló yẹ kó ta wá lólobó. Láti ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1986, ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọn kò bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ṣáájú kò lè di ti aráàlú mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ náà la ń tà fún ara wa, kò sí tuntun tó ń wọlé. Ìdí nìyí tí M11/9, submachine gun kan tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ lásán, fi ń lọ ní nǹkan bíi 10,000 dọ́là, tí Uzi sì ń kọjá 15,000. Ta ló máa jogún irú dúkìá bẹ́ẹ̀, tí á wá tà á ní 6,000 fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Ìtàn ogún yẹn pàápàá ní ìwé tirẹ̀: Form 5 ni ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn, fi ń gbé ìbọn olóògbé sórúkọ àrólé. Ẹ ní kó fi hàn yín.

Ẹ má rò pé ẹ lè pe ATF kí wọ́n bá yín wo inú ìwé. Àkọsílẹ̀ owó orí ni òfin ka ìforúkọsílẹ̀ ìbọn sí, àṣírí ni, wọn kò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó ń tà ló gbọ́dọ̀ fi ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí hàn, kí nọ́ńbà orí ìwé sì bá èyí tó wà lára irin mu. Ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti déètì òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, kó ya á. Ní ti láísẹ́ǹsì, ojú òpó FFL eZ Check ti ATF máa fi àdírẹ́sì hàn yín bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ àti márùn-ún tó kẹ́yìn. Àdírẹ́sì yẹn ni kí ẹ bá ṣòwò, kì í ṣe nọ́ńbà WhatsApp ẹnikẹ́ni. Èyí tó dára jù lójú mi ni pé kí dealer tó wà nítòsí yín gba ìbọn náà lọ́dọ̀ dealer tó ń tà á nípasẹ̀ Form 3, ìwé tí dealer fi ń gbé ìbọn fún dealer, kí ẹ fojú ara yín rí i, kí owó ńlá tó kúrò lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà ni Form 4 yín (ìwé tí ẹ fi ń ní kí ATF gbé ìbọn sórúkọ yín), ìtẹ̀ka, fọ́tò àti owó orí 200 dọ́là, ìbọn kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ATF tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ti yọ owó orí yìí kúrò lórí àwọn nǹkan bíi suppressor (ohun tó ń dín ariwo ìbọn kù) láti oṣù Kìíní ọdún 2026, àmọ́ ti ìbọn arọ̀jò-ọta ṣì wà.

Àwọn dealer tó ní ṣọ́ọ̀bù gidi náà ń ṣe tiwọn. Mo ti rí èyí tó kọ “pre-86” (ṣáájú 1986) sára MP5, submachine gun míì, tó ń polówó. Dealer sample ni, dealer ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè rà á, àmọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ á rí 86 yẹn, á rò pé òun bọ́ sí i. “Transferable”, ìyẹn èyí tí aráàlú lè rà, lọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ rí nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ sì gbà á lórí ìwé.

Uzi tún wà tó jẹ́ pé bolt inú rẹ̀ (irin tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìbọn bá ń yìn) nìkan ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á sì gba owó odindi. Ti Thompson, submachine gun àtijọ́, burú jù, nítorí orúkọ ńlá ló ń tà á: ẹyọ 15,000 ni ilé iṣẹ́ Colt ṣe nínú Thompson M1921, ti ogun àgbáyé kejì sì máa ń ní Bridgeport, Connecticut lára. Bí ẹ bá rí West Hurley, New York lára rẹ̀, wọ́n ṣe é pẹ́ lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dán tó ti àtijọ́. Ẹ má san iye ti àsìkò ogun lé e.

Ní tèmi, M11/9 tí ilé iṣẹ́ SWD ṣe ló yẹ ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a kó ra Uzi, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, òfin àpapọ̀ kò gbà yín láyè láti ní ìbọn, yàtọ̀ sí àwọn àyè díẹ̀ tó yẹ kí agbẹjọ́rò tú fún yín. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín gbé e dé Èkó, ẹ sá fún un, nítorí èèwọ̀ ni irú ìbọn yìí fún aráàlú ní Nàìjíríà.

Bí ẹ bá ti sanwó fún ọkùnrin yìí, ẹ pe báńkì yín lónìí, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sùn FBI ní ic3.gov. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Bí ìbọn kan bá sì dé láìsí ìwé, ẹ má gbé e kiri, ẹ má tà á: ẹ pe agbẹjọ́rò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lè wà nídìí ìbọn tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.