Ìkìlọ̀ fún ará Adó àti Ìkẹ́rẹ́: gbájúẹ̀ ni ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun “afọlẹ̀mọ́”

Ẹ̀yin ará Èkìtì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra pulọ́ọ̀tì tí mẹkáníìkì tàbí àwọn tó ń tú bátìrì ti lò rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọkùnrin kan ń káàkiri, ó ní òun ní ìyẹ̀fun tó ń pa epo inú ilẹ̀. Ẹ má fún un lówó. ₦380,000 ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kò sọ pé mẹkáníìkì ti lò ó rí. Ìgbà tá a gbẹ́ kànga dé bí ẹsẹ̀ bàtà 12 ni òórùn dísù kọ lù wá. Omi àkọ́kọ́ tá a fà ń dán bí òṣùmàrè. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń yọ̀.

Ni mo bá pe ọ̀gbẹ́ni yìí. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi ṣọ́bìrì ha ojú ilẹ̀, kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n fọ́n ìyẹ̀fun funfun, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa típà kan lé e. Ó wá bu ilẹ̀ tó ní òun ń gbé lọ fún àyẹ̀wò. Orí yẹ̀pẹ̀ tuntun yẹn ló ti bù ú! Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìwé wá pé ilẹ̀ ti mọ́.

Òjò rọ̀, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bíi báàfù alágbàfọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ ni ìyẹ̀fun náà. Ìdọ̀tí tí wọ́n ha, ẹ̀bá odò tí màmá aládùúgbò mi ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n lọ dà á sí.

Ẹ jẹ́ kó yé yín: epo kì í dúró lójú ilẹ̀. Nígbà tí UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, yẹ ilẹ̀ Ogoni wò, tí wọ́n gbé àbọ̀ jáde ní 2011, ibi 49 ni wọ́n ti bá epo nínú ilẹ̀ tó jìn tó mítà 5, ó kéré tán. Níbi tiwa, àpáta kò jìnnà. Epo tó bá dé orí rẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ sínú kànga ẹlòmíì. Òjé bátìrì burú jùyẹn lọ, kì í jẹrà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó jáde látinú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Wọ́n ní láti hú ilẹ̀ àgbàlá kúrò, kí wọ́n fi ilẹ̀ mímọ́ rọ́pò. Ìyẹ̀fun wo ló lè ṣe ìyẹn?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ bu ilẹ̀ náà fúnra yín, láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi àyẹ̀wò, kì í ṣe òun. Ẹ tẹ̀lé típà tó ń kó ìdọ̀tí lọ, kẹ́ ẹ mọ ibi tó ń dà á sí. Ẹ má san owó tán. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó se omi kànga náà kẹ́ ẹ tó mu ún: iná kì í yọ òjé kúrò nínú omi.

Mo ti fi kọnkéré bo kànga mi, omi ọlọ́kọ̀ là ń rà. Wọ́n sọ fún mi ní tésàn ọlọ́pàá pé tá a bá pọ̀, ẹjọ́ náà á lágbára. Ẹni tí ọkùnrin náà bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ̀wé sí mi, kó sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.