Ẹ ṣọ́ra fún oníṣẹ́ iná tó bá ní “ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná”

Ẹ̀yin ará, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. ₦760,000 ni oníṣẹ́ iná kan gbà lọ́wọ́ mi láti pààrọ̀ wáyà iná ilé oníyàrá méjì ní Akóbọ̀, n'Íbàdàn. Iṣẹ́ tó ní tọjà tiṣẹ́ kò ní ju ₦450,000 lọ! Nínú pálọ̀ mi ló ti sọ ọ́, lórí àga mi, ó ń mu omi mi.

Mo béèrè o. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò béèrè. Mo ní kó kọ gbogbo iye sílẹ̀ fún mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná, ṣé mo lè rẹ́ yín jẹ ni?” Ọmọ tí mo se ìrẹsì fún lọ́jọ́ mẹ́rin gbáko!

Ó gba ₦290,000, òun nìkan ló lọ sọ́jà. Olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣèdánwò lọ́jọ́ náà, ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún? Ó yẹ kí n ní kó dúró di Sátidé. Mo mọ̀. Mo ti bá ara mi wí títí. Rìsíìtì tó mú dé kò ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, wáyà ò tó, ₦95,000. Lọ́jọ́ kẹta, ògiri le ju bóun ṣe rò lọ, owó gbígbẹ́ ògiri, ₦40,000. Owó ọkọ̀ ₦15,000, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà yẹn ó ti fa gbogbo wáyà àtijọ́ jáde, òkùnkùn la wà, ẹja inú fíríìsà mi ti ń rùn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n lé e, kí n jókòó sínú òkùnkùn?

Owó iṣẹ́ ló wá dùn mí jù. A jọ fẹnu kò sí ₦5,000 lórí pọ́ìntì kan, ìyẹn ojú ibi kan tí wọ́n fa iná dé, bíi ti gílóòbù tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti kà á, 32 ni, torí mo ka gílóòbù àti súwíìsì rẹ̀ pọ̀. Òun ka gílóòbù lọ́tọ̀, ó ka súwíìsì lọ́tọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì ó kà á sí méjì. Ó di 61! ₦305,000! Mo san án. Bẹ́ẹ̀ ni, mo san án, torí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi tó ń pariwo, àwọn aládùúgbò sì ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mò ń lọ aṣọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó yọ́ mọ́ ògiri. Oníṣẹ́ mìíràn fi ọ̀bẹ ha wáyà ẹ̀yìn rẹ̀: òde pọ́n bíi bàbà, inú funfun. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ó tún jẹ́ 1.5 (bí wáyà ṣe nípọn tó nìyẹn, ní mm²), wáyà gílóòbù, níbi tó yẹ kó lo 2.5 tó nípọn jù ú lọ. Yàrá yẹn ni ọmọ-ọmọ mi ń sùn sí. Ọmọ-ọmọ mi!

Ẹni tó júwe oníṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ò gbé ìpè mi mọ́. Àwọn tó ń ta irú wáyà bẹ́ẹ̀ náà mọ ohun tí wọ́n ń tà. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín kọ iye pọ́ìntì sílẹ̀, kẹ́ ẹ jọ kà á lára ògiri kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fúnra yín ra wáyà, ẹ ha á níwájú ẹni tó ń tà á. 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, lọ́wọ́ oníṣẹ́ yín. Ẹ má san owó iṣẹ́ tán kẹ́ ẹ tó tan gbogbo iná wò.

Lánàá mo rí àkàbà oníṣẹ́ tó rẹ́ mi jẹ yẹn lára ògiri ilé tuntun kan ní àdúgbò kejì. Mo ti lọ kanlẹ̀kùn onílé náà.