Omi ṣúgà tí wọ́n fún mi mu ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́

Ìwé àbájáde àyẹ̀wò náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ sí i: 0,86; 2,31; 0,47. Iye kẹta ni ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, orí ilẹ̀ ni mo wà, tí ọmọ mi obìnrin ń ké “Màámi, Màámi” lé mi lórí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó gbé mi débẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọgbẹ́ inú tí ó ti ń dà mí láàmú tipẹ́ dí ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà jáde nínú ikùn mi, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí mo bá jẹ láàárọ̀ ni mo ń bì lálẹ́. Àwọn dókítà ní Kútọnu gé apá ìsàlẹ̀ ikùn náà kúrò, wọ́n sì rán èyí tí ó ṣẹ́kù mọ́ ìfun kékeré. “Billroth 2” ni wọ́n kọ sínú ìwé tí mo gbà nígbà tí mo ń lọ sílé. Theodor Billroth ni dókítà tí ó kọ́kọ́ gé irú apá ikùn bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn rẹ̀ sì yè é, ní Vienna ní ọdún 1881. Ìwé náà kì í kúrò nínú àpò mi. Iṣẹ́ abẹ náà gbà mí là, n kò sì ní ọ̀rọ̀ burúkú kan láti sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá mu ògì oníṣúgà ní aago méje, kí aago mẹ́sàn-án tó lù ní ìsọ̀ mi ní ọjà Ouando, òógùn á ti bò mí, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé n kò ní lè ka owó oníbàárà, ebi á sì máa pa mí bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Dókítà ní kí n lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Ilé àyẹ̀wò náà mọ́ tónítóní, wọ́n ń tètè ṣílẹ̀kùn, abẹ́rẹ́ wọn kò dunni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbà mí kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbà, nígbà tí n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, jẹ́ 0,86 gíráámù nínú lítà kan, èyí tí ó dára. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ife oníke kan fún mi. Gíráámù 75 gúlúkóòsì ni ó pò mọ́ omi; kò tíì yọ́ tán, mo ń wò ó bí ó ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ife bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́.

Mo sọ fún un pé, “Ọmọ mi, wọ́n ti gé ikùn mi. Ìwé rẹ̀ nìyí.” Ó gba ìwé náà, kò ṣí i, ó gbé e lé orí tábìlì. “Màmá, gbogbo ènìyàn ló ń mu ún. Ẹ mu ún tán kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, kí àyẹ̀wò má baà bàjẹ́.” Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní dókítà ló kọ ọ́, òun kò lè yí i padà. Mo mu ún.

Kí ìdajì wákàtí tó pé, inú mi ti ń kùn, àyà mi ń lù kìkì, mo sì fẹ́ dùbúlẹ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n má rìn. Ní wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ mi di 2,31, ó sì sọ fún mi níwájú àwọn aláìsàn mẹ́rin mìíràn pé, “Màmá, àtọ̀gbẹ ni o.” Ọmọ mi bú sẹ́kún. Ẹni tí àyẹ̀wò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kí ó mọ̀ pé iye ti wákàtí kejì ni a fi ń dájọ́, pé 2,00 ni ààlà rẹ̀, àti pé 1,26 ni ààlà ti ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀. Nígbà tí wákàtí kejì ku díẹ̀ kí ó pé, àwọn lẹ́tà tí ó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í di méjì méjì lójú mi. Mo pè é. Ó ní kí n ní sùúrù, pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni n kò rántí.

Nígbà tí mo lajú, ọ̀gá wọn ni mo rí, obìnrin kan tí ó ti dàgbà, tí ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ó ti fa omi gúlúkóòsì sí iṣan apá mi, ó sì ti rán ẹnì kan lọ ra ẹyin síse. Ó rí àpá tí ó wà ní ikùn mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe fún yín?” Mo nawọ́ sí ìwé orí tábìlì. Ó kà á, ó dákẹ́ pẹ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá. Kò yẹ kí a fún yín ní omi yìí rárá.”

Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí dókítà, kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé ara mi fún mi bí obìnrin yìí ti ṣe é, bí mo ti ń jẹ ẹyin lọ́wọ́. Ó ní ikùn tí ó pé ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń tú oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tèmi ti bá apá tí wọ́n gé lọ, nítorí náà ohun dídùn tí mo bá mu ń ya lu ìfun kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ara á ya tẹ̀ lé e wọ inú ìfun, òun ni ó mú inú mi kùn tí àyà mi sì ń lù. Ṣúgà á sáré wọ ẹ̀jẹ̀, ìfun á tú họ́móònù kan tí wọ́n ń pè ní GLP-1 jáde ju bó ti yẹ lọ, èyí á sì mú kí ara tú insulin, họ́móònù tí ó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ síta. Ṣúgà á tán, insulin kò ní tíì tán. Ibẹ̀ ni ṣúgà mi ti já wálẹ̀ sí 0,47, tí mo sì ṣubú. Ó ní ọ̀nà yìí kan náà wà lára ohun tí ó ń ṣe àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n sanra jù láǹfààní, bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ tí oúnjẹ wọn fi ń fo apá òkè ìfun kọjá: ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó fọn rárá. Walter Pories àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti ọdún 1995.

Ó kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé àbájáde mi: kí n kọ́kọ́ jẹ ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà kí n tó fọwọ́ kan àkàsà, kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kí n má fi omi ti oúnjẹ, kí n jáwọ́ nínú ògì oníṣúgà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọwọ́ mi tún gbọ̀n, ọjọ́ tí mo mu bísápù dídùn níbi ìsọmọlórúkọ.

Ọ̀gá náà dá owó mi padà láìjẹ́ pé mo béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bẹ̀ mí títí mo fi jáde. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ọjọ́ orí, oyún àti oògùn, kò béèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún ènìyàn rí. Mo padà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá fún àyẹ̀wò irin inú ẹ̀jẹ̀ àti Vitamin B12, nítorí pé ẹni tí a gé ikùn rẹ̀ kì í rí méjèèjì gbà dáadáa nínú oúnjẹ. Wọn kò tíì tẹ fọ́ọ̀mù tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ti fi bíírò kọ ìbéèrè náà sí etí gbogbo èyí tí ó wà lórí tábìlì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìbínú mi kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni n ó ti gba àbájáde mi ní Ọjọ́rú, ọ̀gá náà ni mo sì fẹ́ kí ó kà á fún mi.