Ibi tí mo ti yẹ jẹ́nótáìpù wò n'Ìbarà: wọ́n ya gbogbo ẹbí wa sórí ìwé kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ n sọ ti ibi tí mo lọ yìí fún yín. Ẹ máa jókòó pẹ́ o, aago mẹ́sàn-án la débẹ̀, ó ku díẹ̀ kó lu méjìlá ká tó rí nọ́ọ̀sì, owó wọn náà sì wọ́n ju ti láàbù ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Síbẹ̀ màá tún lọ.

Wọ́n ní kí n mú màmá mi dání. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọge kékeré ni, ó tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, ó ní "Mà, ẹ ka àwọn ọmọ ìyá yín fún mi láti orí àkọ́bí, àti èyí tó ti kú." Ọkùnrin, ó ya igun mẹ́rin, obìnrin, ó ya róbótó, ẹni tó bá ní àìsàn ó fi pẹ́ńsù kùn ún dúdú, ẹni tó ti kú ó fa ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá. Ibi tí màmá mi ti ń kà wọ́n ni ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ní àbúrò obìnrin kan tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta, àbíkú ni wọ́n pè é. Láti kékeré mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Nọ́ọ̀sì rọra bi wọ́n bóyá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà máa ń wú. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì sunkún mọ́jú. Kò kùn ún dúdú ṣá, àmì ìbéèrè ló fi sí i, torí ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò rí.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin, SS ni, fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n péèpà tí láàbù kan fún bàbá mi láyé ọjọ́un, AA ló wà níbẹ̀, tèmi náà AA, ọkàn mi sì ti balẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ohun tó ya, ó ní ọmọ ò lè jẹ́ SS àfi kí bàbá fún un ní S kan, kí ìyá náà fún un ní kan, péèpà yìí ò bá ọmọ yìí mu. Ẹ mọ ohun tírú ọ̀rọ̀ yẹn lè dá sílẹ̀ nínú ilé! Kò wo màmá mi wíńníwíńní, ó kàn ní ká mú bàbá wá, pé láàbù máa ń ṣàṣìṣe. Wọ́n tún bàbá mi yẹ̀ wò, AS ni wọ́n, ìyẹn ẹni tó ní S kan ṣoṣo tí kò ṣàìsàn. Èmi náà, AS.

Kí tèmi tó jáde ló ti sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí èmi náà jẹ́ AS. Mo rò pé ìdajì ni, torí bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: AA kan, AS méjì, SS kan. Ó ní "Ántí, ẹ̀yin ò ṣàìsàn, ẹ jẹ́ ká pa SS rẹ́," ó ku mẹ́ta, méjì nínú ẹ̀ jẹ́ AS. Ó tún ní oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin tiẹ̀ láti jẹ́ SS, bíbí SS kan ò dáàbò bo àwọn tó kù. Àfẹ́sọ́nà mi, AA ni, a ò lè bí SS, àmọ́ àwọn ọmọ wa lè jẹ́ AS, wọ́n sì wo C náà fún un, irú míì tó yàtọ̀ sí A àti S, torí AC àti AS lè bí SC, fòníkú-fọ̀ladìde lòun náà.

Wọ́n ní ká máa mú ìwé yẹn lọ sílé. Màmá mi ti fi báírò kọ orúkọ àbúrò wọn sábẹ́ róbótó tó ní àmì ìbéèrè.