Ọ̀pá oníná lésà tí bàbá mi ń lò: ó dára lóru, kò wúlò lójú oòrùn

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí ó ń tan iná lésà ránṣẹ́ sí bàbá wa láti Ìlú Ọba. Àwọn tí ó sì ń bi mí bóyá kí àwọn ra irú rẹ̀ fún òbí wọn ti pọ̀ débi pé ó sàn kí n kọ ohun tí a rí nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo, sílẹ̀.

Àrùn Parkinson ni ó ń ṣe bàbá. Ọwọ́ gbígbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àrùn yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó yọ wá lẹ́nu jù. Bàbá yóò máa rìn bọ̀ láti pálọ̀, bí wọ́n bá sì ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹsẹ̀ méjèèjì yóò lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé àtè mú wọn, nígbà tí ara òkè ṣì ń lọ síwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá.

Bí wọ́n bá tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, ìlà pupa kan yóò tàn dábùú ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá wo ìlà náà, wọ́n ní, “Ta ló ta okùn síbí?”, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá lórí rẹ̀ wọ yàrá lọ. Kì í ṣe idán. Apá ọpọlọ tí ó ń darí ìrìn tí a kì í ronú sí ni àrùn yìí ń bàjẹ́. Bí ojú bá wá rí ohun tí ẹsẹ̀ ní láti ré kọjá, ìgbésẹ̀ náà di ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé, ọpọlọ a sì gba ọ̀nà mìíràn. Dókítà J. P. Martin ti ṣàlàyé iṣẹ́ irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1967.

Ṣùgbọ́n oòrùn Òṣogbo kò gbà fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń lọ sí Ọjà Ọba, ìlà náà pòórá pátápátá lórí ọ̀dà, bàbá dúró gbagidi, ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ojú a máa rí iná aláwọ̀ ewé ju pupa lọ, nítorí náà, ẹni tí yóò bá rà á, kí ó béèrè aláwọ̀ ewé. Àléébù kejì ni pé bí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n, ìlà náà a máa jó, bàbá á sì máa retí kí ó dúró. Bàtà tí àwọn onímọ̀ kan ní Netherlands so lésà mọ́ kò ní wàhálà yìí, nítorí pé kò gba ọwọ́ rárá. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017, àwọn aláìsàn ni wọ́n fi dán an wò, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí agbára oògùn ti lọ lára wọn.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni téèpù funfun. Mo ra ti àwọn oníṣẹ́ iná, owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ dábùú ilẹ̀ láti pálọ̀ dé yàrá, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ bàbá. Ìyá mi bínú pé mo sọ pálọ̀ àwọn di pápá ìṣeré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ń gbé ife tíì wọn fúnra wọn kọjá ẹnu ọ̀nà, ohun tí ọ̀pá kò lè jẹ́ kí wọ́n ṣe.

Àmọ́ téèpù kò ṣeé rí lókùnkùn, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru tí bàbá fẹ́ lọ tọ̀, ọ̀pá yẹn nìkan ni ó ń là wọ́n lọ́nà, ìlà rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ má fi í sí àrọ́wọ́tó ọmọdé, nítorí lésà a máa ba ojú jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń tàn án sí ológbò. Kò sì rọ́pò oògùn: bàbá ṣì ń lo levodopa, oògùn Parkinson wọn, lásìkò.

Ẹni tí owó kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ra téèpù. Ọ̀pá ti bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn báyìí, kì í bá wọn jáde lọ́sàn-án mọ́.